Ẹ ṣọ́ra fún àwọn oní "odidi ẹsẹ̀" Píjò 504: ọ̀dà ni wọ́n ń tà, kì í ṣe páàtì

Ẹ̀yin tí ẹ ń tún Píjò 504 píkọ́ọ̀pù àtijọ́ ṣe, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń wá ẹ̀yà ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ẹ̀rọ ayélujára, ẹ dúró ná kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Jìbìtì kan ti gbòde, "odidi ẹsẹ̀" ni wọ́n ń pè é. Oníṣòwò á gbé àwòrán síta: ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn méjì, ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì iwájú méjì tí sípíríǹgì ti wà lára wọn, bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì (oríkèé irin olórí róbótó tó di ẹsẹ̀ táyà iwájú mú), bọ́ṣì ámù (rọ́bà tó wà níbi tí apá irin ẹsẹ̀ ti so mọ́ ọkọ̀), orí tairọ́ọ̀dù (ẹnu ọ̀pá tó ń yí táyà), sípíríǹgì pẹlẹbẹ ti ẹ̀yìn pẹ̀lú yúbóòtù wọn (bóòtù onígun U tó ń dì wọ́n mọ́lẹ̀). Gbogbo rẹ̀ á dúdú, á máa dán gbinrin. Á ní Faransé ni wọ́n ti kó o wá, pé wọn ò tíì lò ó rí. Iye kan ṣoṣo ló máa dá lé gbogbo rẹ̀, kò ní í gbà láti tà á lẹ́yọ lẹ́yọ. Iye náà kò ní í wọ́n jù, kò sì ní í pọ́ débi tí ara á fi fu yín.

Mi ò ní í dárúkọ ẹnikẹ́ni níbí. Orúkọ àti nọ́ńbà tí wọ́n ń lò ń yí padà, kì í sì í ṣe ẹnì kan ló ń ṣe é. Ìṣe wọn ni kí ẹ mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ Faransé yẹn wò. Ní 1968 ni Píjò gbé 504 jáde. Ní 1975 ni PAN, ilé iṣẹ́ Píjò ti Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Píjò ní Kàdúná, píkọ́ọ̀pù 504 sì ti ru kòkó, iṣu, pákó àti ewúrẹ́ nílẹ̀ wa débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí àgbẹ̀ ńlá tí kò ní í rí. Àwọn ará Kútọnu àti Lomé tí wọ́n ń sọ Faransé ń pe tiwọn ní bâchée. Ṣùgbọ́n wọ́n ti dẹ́kun ṣíṣe ọkọ̀ náà tipẹ́tipẹ́. Mi ò sọ pé páàtì rẹ̀ tuntun kò sí mọ́ rárá, torí àwọn ilé iṣẹ́ kan ṣì ń ṣe èyí tó bá a mu. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó bá ní odidi ẹsẹ̀, láti iwájú dé ẹ̀yìn, tó tuntun látọ̀dọ̀ Píjò fúnra wọn, ẹ bi í léèrè ibi tó ti rí i. Bó bá tiẹ̀ jẹ́ òótọ́ pé ó ti wà nínú páálí láti ayé ìjọba ológun, rọ́bà ń gbó nínú páálí. Bọ́ṣì tó ti le gbagidi kò wúlò ju èyí tí ẹ fẹ́ yọ lọ.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń dáko ní apá Ìṣẹ́yìn ra irú odidi ẹsẹ̀ yìí ní ₦240,000. Ó san án tán kó tó fojú kàn án, wé-bílì ló gbé e dé. Mẹkáníìkì rẹ̀ dì í mọ́ ọkọ̀, wọ́n ṣe aláìǹmẹ́ǹtì, gbogbo ẹ̀ ń lọ bó ṣe yẹ. Kò pẹ́ púpọ̀ sí i, wọ́n ń kó gbágùúdá bọ̀ láti oko, bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì apá òsì já kúrò nínú ilé rẹ̀. Táyà wó síta, ọkọ̀ fi imú lélẹ̀. Wọ́n ń rọra lọ ni, ọ̀nà oko sì ni, ìyẹn ni kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ṣèṣe. Ká ní ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó ni, tí tírélà wà lẹ́yìn, ọ̀rọ̀ mìíràn là bá máa sọ.

Wọ́n gbé bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì náà wá sí gáréèjì tí mo ti ń tún tèmi ṣe, a sì là á sí méjì. Bọ́ọ̀lù irin inú rẹ̀ ti jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò ṣe róbótó mọ́. Ẹni tó ṣiṣẹ́ ibi náà yọ́ ọ̀rá búlúù sínú ilé rẹ̀ kó lè há bọ́ọ̀lù náà mọ́. Ó jọ pé ara kẹ́ẹ̀gì ló ti gé e. Ó wá ki gíríìsì tuntun sí i, ó fi rọ́bà tuntun bo orí rẹ̀, ó kun ún dúdú. Bí ẹ bá fi ọwọ́ yí i, ó le dáadáa. Bẹ́ẹ̀ líle yẹn gan-an ni gbogbo wa fi ń mọ èyí tó tuntun, ìdí nìyẹn tí mẹkáníìkì kò fi fura. Ọ̀rá kò lè gba ìyà tí kòtò ọ̀nà wa ń fi jẹ ọkọ̀. Á rún wẹ́wẹ́, bọ́ọ̀lù á bẹ̀rẹ̀ sí í mì, títí yóò fi fò yọ.

A tún fi sáńpépà ha ọ̀dà ara ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn. Ojú ibi tí wọ́n dá lu, tí wọ́n rọ ọ́ìlì sí, tí wọ́n sì jó padà wà nísàlẹ̀ agolo rẹ̀, kò ju orí ìṣó lọ. Wọ́n ti fi fáìlì fá a kó lè dọ́gba pẹ̀lú ara agolo.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ ra bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì tàbí orí tairọ́ọ̀dù, ẹ má wo ilé rẹ̀, ọ̀dà ti bo ìyẹn. Ọ̀pá rẹ̀ ni kí ẹ wò, ibi tó tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sókè tó máa ń wọnú irin ẹsẹ̀ ọkọ̀. Èyí tí wọn kò tíì dì mọ́ ọkọ̀ rí, gbogbo ara ọ̀pá yẹn á rí bákan náà. Èyí tí wọ́n ti lò á ní òrùka tó ń dán tàbí ìlà ìfira níbi tí irin ti há a. Ẹ wo eyín tí nọ́ọ̀tì ń gùn, bóyá ó ti fẹ́lẹ́ tàbí ó ti bó. Ẹ wo ihò tí wọ́n ń ki pín-ìn-nì sí, bóyá ìfà wà lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n kì í sábà kun àwọn ibi wọ̀nyí torí nọ́ọ̀tì kò ní í lè wọlé, bí wọ́n bá sì kùn ún, ìyẹn gan-an ti tó fún yín láti gbé e sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ ká rọ́bà orí rẹ̀ sókè díẹ̀. Oníṣòwò tó bá ní kí ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ máa bá tiyín lọ.

Sípíríǹgì ẹ̀yìn ni owó pọ̀ nínú ẹ̀ jù, òun náà sì ni irọ́ rọrùn jù láti pa lé lórí. Píkọ́ọ̀pù tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ru ẹrù, sípíríǹgì rẹ̀ á ti tẹ́. Àwọn kan á kó o lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, wọn á fi iná sí i títí yóò fi pọ́n, wọn á tẹ̀ ẹ́ padà kó lè rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Irin tó bá ti pọ́n lójú iná, tí wọn kò sì ṣètò bó ṣe máa tutù àti bí wọ́n ṣe máa tún un sè, agbára ìfàsẹ́yìn rẹ̀ ti lọ. Ó máa gbé ìdí ọkọ̀ sókè dáadáa lọ́jọ́ tí ẹ rà á. Ẹ di àpò sìmẹ́ńtì lé e lẹ́ẹ̀kan sí i, á tẹ́ padà. Bí ẹ ṣe lè mọ̀ ọ́n rèé: ẹ tẹ́ ti apá ọ̀tún àti ti apá òsì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí wọ́n kọjú síbì kan náà. Bí títẹ̀ wọn kò bá bára mu láti ìparí kan dé èkejì, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fi iná ṣe eré níbẹ̀. Ẹ ka iye abẹ́ (irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra) tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi tiyín tó ti gbó wé e ní nínípọn.

Ti sísán ńkọ́? Ibi ihò àárín tí bóòtù ń gbà kọjá àti etí rẹ̀ níbi tí bọ́ṣì ń jókòó sí ni ó máa ń sán jù. Ọ̀dà á dí i. Ẹ ní kí wọ́n ha ọ̀dà ibi méjèèjì yẹn, kí ẹ fi kẹrosíìnì nù ún, kí ẹ jẹ́ kó wọlé, kí ẹ wá nù ún gbẹ, kí ẹ sì fi ẹfun tàbí ṣọ́ọ̀kì ìkọ̀wé tí ẹ ti lọ̀ pa á lára. Bó bá sán, kẹrosíìnì tó ti wọnú ibẹ̀ á tú jáde, á sì fa ìlà sára funfun yẹn. Owó rẹ̀ ò tó nǹkan, ojú sì ń rí i kedere. Ẹ má gbàgbé yúbóòtù: tuntun ni kí ẹ máa rà ní gbogbo ìgbà, torí èyí tí wọ́n ti fún mọ́lẹ̀ rí ti nà.

Ní ti ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn, ẹ gbé e nàró, kí ẹ tì í wọlé kí ẹ sì fà á jáde nígbà bíi mélòó kan kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́, torí afẹ́fẹ́ máa ń wọnú èyí tó ti sùn nílẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, bó bá ń le bọ̀, tó rọ̀ lójijì, tó tún le, ọ́ìlì rẹ̀ ti dín. Èyí tó ní gáàsì máa ń dìde fúnra rẹ̀, ọlọ́ìlì lásán kì í dìde, nítorí náà àìdìde nìkan kì í ṣe ẹ̀rí. Ọ̀pá rẹ̀ tó ń dán kò gbọ́dọ̀ ní ìpẹtà kankan, kódà bó kéré. Ti iwájú ló burú. Nínú 504, inú ọ̀pá tí sípíríǹgì yí ká ni ṣọ́ọ̀kì iwájú wà. Ẹni tó bá ta ọ̀pá náà fún yín lódidi, ohun tí ojú kò rí ló tà fún yín. Ẹ ní kó tú u, tàbí kí ẹ tún inú tiyín ṣe.

Bọ́ṣì kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀: ẹ fi èékánná tẹ̀ ẹ́, ẹ lọ́ ọ díẹ̀, bí ìlà bá là lójú rọ́bà rẹ̀, ẹ dá a padà. Àmọ́ àwíjàre kan wà tí àwọn gbájúẹ̀ yìí fẹ́ràn. Bí bọ́ṣì bá ya lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọn á ní mẹkáníìkì yín ló bà á jẹ́. Ó dùn mí láti sọ pé nígbà mìíràn, òótọ́ ni. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń fún bóòtù ámù pa nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lórí jáàkì, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀ sísàlẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá délẹ̀, rọ́bà á ti lọ́ pọ́ kó tó rìn rárá, bẹ́ẹ̀ ni á sì wà títí yóò fi ya. Ẹ ní kó dì í ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kó sọ ọkọ̀ kalẹ̀ sórí táyà rẹ̀, kó mì í sókè sódò, kó tó wá fún un pa. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ṣe máa gba àwíjàre yẹn lẹ́nu oníṣòwò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sọ́jà fúnra yín náà, ẹ má rò pé ẹ ti bọ́. Àwọn olóòótọ́ tó mọ Píjò dénú wà ní Ládípọ̀ àti ní Gate n'Íbàdàn, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń lo ọkọ̀ yìí, wọn á júwe wọn. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin tó bá pàdé yín lẹ́nu ọ̀nà ọjà, tó ní "Bàbá, kí lẹ ń wá?", kò ní ṣọ́ọ̀bù. Ó máa fi ojúlówó hàn yín, ẹ máa dúnàádúrà, ẹ máa sanwó, yóò ní òun fẹ́ lọ bá yín dì í sí nínú ọ̀rá. Èyí tó máa gbé dé kọ́ ni ẹ rí lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ mú máákà dání. Èyí tí ẹ bá ti yẹ̀ wò, ẹ kọ àmì yín sí i lójú rẹ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, kí ẹ sì mú páàtì yín tó ti gbó dání láti fi wé e. Bó bá jẹ́ orí ẹ̀rọ ayélujára ni, ẹ ní kó ṣe fídíò, kó kọ orúkọ yín àti ọjọ́ òní sórí bébà, kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà náà. Bí orúkọ tó wà lórí àkáǹtì bá yàtọ̀ sí ti ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀, ẹ má san.

Bí mẹkáníìkì yín bá takú pé ọ̀dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo lẹ gbọ́dọ̀ ti rà á, kọ́mísọ̀n lè wà níbẹ̀. Ẹ sanwó iṣẹ́ rẹ̀ fún un dáadáa, kí ẹ sì ní kó bá yín lọ yẹ ọjà wò. Ó dára ju kó máa jẹ lẹ́yìn yín lọ.

Ẹ gba rìsíìtì, kí wọ́n sì kọ "tuntun" tàbí "tòkunbọ̀" sí iwájú páàtì kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan ti tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ rìsíìtì wọn pé ọjà tí a bá ti tà kò ṣeé dá padà. FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, ti sọ pé irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ lòdì sí òfin ààbò oníbàárà ti 2018, torí ọjà tó lábùkù ṣeé dá padà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ "páàtì" lásán ni wọ́n kọ síbẹ̀, oníṣòwò á búra pé òun ti sọ fún yín pé àlòkù ni, kí lẹ ó fi dá a lóhùn?

Ẹni tó bá ti ra odidi ẹsẹ̀ yìí, tó sì ti dì í mọ́ ọkọ̀, kó má ṣe di ẹrù lé e mọ́. Ẹ gbé iwájú rẹ̀ sórí jáàkì, kí ẹ fi igi kẹ́ ẹ dáadáa, kí ẹnì kan di òkè àti ìsàlẹ̀ táyà mú, kó máa tì í wọlé kó máa fà á síta, kí ẹlòmíràn tan tọ́ọ̀ṣì sí ibi bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì. Bó bá mì, kódà díẹ̀, ẹ yọ ọ́ lónìí. Ẹ má jù ú nù o: ẹ tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú rìsíìtì, àwòrán ìpolówó, àti ẹ̀rí owó tí ẹ fi ránṣẹ́, torí òun ni ẹ máa gbé lọ bá báńkì, ọlọ́pàá àti FCCPC.