Ọdún 2 pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń wọn gbígbọ̀n pọ́ǹpù: ibi tó ti gbà wá àti ibi tó ti fẹ́ ṣì mí lọ́nà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ pọ́ǹpù, ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ eléyìí. Vibration meter ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀, ẹ̀rọ kékeré téèyàn ń mú lọ́wọ́ láti fi wọn bí pọ́ǹpù ṣe ń gbọ̀n, tó ní sẹ́ńsọ̀ oní-máńgẹ́ẹ̀tì àti wáyà tó so ó mọ́ ojú ẹ̀. Pọ́ǹpù omi 11 ni mò ń fi bójú tó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó sì ti lé ní ọdún 2. Kò sẹ́ni tó fún mi ní nǹkan kan kí n tó kọ ọ́.

Ká tó ní in, etí àti àtẹ́lẹwọ́ la fi ń ṣe é. Èèyàn á gbọ́wọ́ lé ilé bẹ́ríǹ, ìyẹn ohun tó gbé ṣáàfù (ọ̀pá irin tó ń yí nínú pọ́ǹpù) ró kó lè yí, tó bá ti ń jóni lọ́wọ́ wọ́n á ní bẹ́ríǹ ti lọ, a ó tú u, a ó pààrọ̀ ẹ̀, kó tó di oṣù 3 ariwo tún ti bẹ̀rẹ̀. Pọ́ǹpù kan wà tá à ń pè ní Nọ́ńbà 4, láàárín ọdún kan péré a pààrọ̀ bẹ́ríǹ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, síìlì tí kì í jẹ́ kí omi jò lẹ́ẹ̀mẹta, gbogbo wa ló ń sọ pé ayédèrú bẹ́ríǹ ni wọ́n ń tà fún wa. Ó dùn mí gan-an nígbà tí mo wá mọ̀ pé bẹ́ríǹ ò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Nọ́ńbà 2 ni ẹ̀rọ yìí máa ń fún yín. Èyí tó wà ní mm/s (mìlímítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan) ń sọ bí gbogbo ara pọ́ǹpù ṣe ń mì, èyí tó wà ní g (ìwọ̀n bí ìyára ṣe ń yí padà) ń gbọ́ ìgbọ̀n kéékèèké tó yára, irú èyí tó máa ń jáde látinú bẹ́ríǹ tó ti ń há. Ẹ gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n lọ́nà 3: látẹ̀gbẹ́, látòkè, àti ní gígùn ṣáàfù, ìyẹn síwá-sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fo ẹ̀kẹta yẹn, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló tú àṣírí Nọ́ńbà 4. Mo fi sẹ́ńsọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, 2.4 mm/s. Mo fi sókè, 2.1. Mo fi sí gígùn ṣáàfù, 6.3!

Ọ̀gá mi, fítà àgbà ni wọ́n, wọ́n wò ó títí. "Ṣé o nu ojú irin yẹn dáadáa kó o tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti wọ̀n ọ́n, ọ̀gá. Ibì kan náà ni."

Fún ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ tó wà láàárín 15 sí 300 kW tó dúró lórí ìpìlẹ̀ tó le, ìlànà àgbáyé ISO 10816-3 (tí ISO 20816-3 ti rọ́pò lọ́dún 2022) ní tó bá ti kọjá 2.8 mm/s kò yẹ kéèyàn fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ pẹ́, tó bá wá kọjá 4.5 ó ti ń ba ara ẹ̀ jẹ́ nìyẹn. Tí ìmpẹ́là, ìyẹn abẹ́bẹ̀ inú pọ́ǹpù tó ń yí láti ti omi, bá wúwo sápá kan, ẹ̀gbẹ́ àti òkè ló sábà máa ń mì jù. Tó bá jẹ́ síwá-sẹ́yìn ló ń mì, ẹ kọ́kọ́ fura sí pé ṣáàfù pọ́ǹpù àti ti mọ́tò iná ò dọ́gba lójú ìlà kan, tàbí pé ṣáàfù ti tẹ̀. A gbé dial gauge (ẹ̀rọ tó ń wọn bí nǹkan ṣe yẹ̀ díẹ̀) lé kọ́pílínì tó so ṣáàfù méjèèjì pọ̀, lóòótọ́ kò dọ́gba, a tò ó títí ó fi gún régé, a tan iná, ọjọ́ kejì ó tún ti yẹ̀. Ìgbà yẹn ni ọ̀gá ní ká pa á, ká tú bóòtù páìpù tó ń gbé omi jáde. Bóòtù tó kẹ́yìn ò tíì jáde tán tí páìpù fi ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbàù, ẹnu ẹ̀ àti ẹnu pọ́ǹpù fi ìbú ìka kan jìnnà síra wọn. Àṣé látọjọ́ tí wọ́n ti gbé e kalẹ̀ ni páìpù yẹn ti ń fa pọ́ǹpù lọ́rùn, torí kò sí nǹkan tó gbé e ró, wọ́n kàn fi bóòtù fà á wá síbẹ̀ tipátipá ni. A ṣe ìdúró fún páìpù, a gé e, a tún un jó kí ẹnu méjèèjì lè pàdé fúnra wọn, a wá tún ṣáàfù tò. 6.3 di 1.8. Bẹ́ríǹ tá a fi sí i lọ́jọ́ yẹn ló ṣì wà níbẹ̀ dòní.

Ibi tó ti fẹ́ ṣì mí lọ́nà rèé o. Nọ́ńbà 7, ọ̀sẹ̀ kan péré, g ẹ̀ fò láti 0.8 sí 5 àti díẹ̀. Ìwé tó bá ẹ̀rọ wá ní bẹ́ríǹ ni, a sì ti gbé bẹ́ríǹ tuntun síta. Àmọ́ ariwo ẹ̀ ò jọ ti bẹ́ríǹ létí mi, ńṣe ló dà bí ìgbà téèyàn da òkúta wẹ́wẹ́ sínú agolo tó ń mì í. Mo ní kí wọ́n dúró ná, mo rọra pa fáàfù ìjáde díẹ̀, ariwo lọ sílẹ̀, g bọ́ sí 2. Bẹ́ríǹ tó ti bàjẹ́ ò lè gbádùn torí pé a pa fáàfù díẹ̀! Cavitation ni: omi ò rọ́nà wọlé tó, agbára omi lẹ́nu ìwọlé bọ́ sílẹ̀ débi pé omi ń hó láìgbóná, ó ń ṣe èéfín róbótó-róbótó, tí ìyẹn bá wá dé ibi tí agbára ti pọ̀ nínú ìmpẹ́là á máa fọ́ pàù pàù, ibi tó bá sì ti fọ́ ló ti ń bu irin jẹ. A yọ asẹ́ ẹnu ìwọlé, ewé àti ẹrẹ̀ ti di í pa. A fọ̀ ọ́, g padà sí 0.9. Nígbà tá a wá ṣí pọ́ǹpù yẹn lẹ́yìn ìgbà náà, ojú ìmpẹ́là dà bí igi tí ikán ti jẹ.

Nítorí náà, g tó ga kì í ṣe bẹ́ríǹ dandan, ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú yìí ò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀ fún yín torí kì í fi spectrum hàn, ìyẹn àwòrán tó ń ya ìgbọ̀n kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ bó ṣe yára sí. Kò mọ nǹkan kan nípa síìlì náà: pọ́ǹpù tó bá ń yí láìsí omi nínú ẹ̀ á ti sun síìlì kó tó di pé ẹ̀rọ yìí rí nǹkan kan. Ọ́ìlì tó ti funfun bíi mílíìkì torí omi wọ̀ ọ́, gíríìsì tí wọ́n ki kún àkúnjù títí bẹ́ríǹ fi ń gbóná, ojú yín lẹ máa fi rí ìyẹn.

Ti lílò ẹ̀: ẹ má lo ọ̀pá ẹlẹ́nu ṣóńṣó tó bá a wá, bẹ́ ẹ bá ṣe tẹ̀ ẹ́ ni nọ́ńbà ẹ̀ ń yí, máńgẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ ha ọ̀dà kúrò lójú irin, kẹ́ ẹ sàmì síbẹ̀ kó lè jẹ́ ojú kan náà lẹ ó máa wọ̀n. Bátìrì ẹ̀ dáa. Téèyàn bá wà nínú oòrùn kò lè rí ojú ẹ̀ ká rárá, mo máa ń fi ọwọ́ ṣíji bò ó. Wáyà já lọ́rùn sẹ́ńsọ̀ lóṣù kẹjọ, ìyẹn bí mi nínú, torí ibẹ̀ lọwọ́ ti máa ń fà á jù, ó yẹ kí wọ́n ti fi rọ́bà tó nípọn bò ó.

Mo fún un ní 4 nínú 5. Tẹ́ ẹ bá ní pọ́ǹpù tó ju 3 lọ, ẹ rà á, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ fi gééjì tó ń wọn agbára omi sí ẹnu ìwọlé pọ́ǹpù kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì ní wáyà kan sípamọ́.