Ẹ ṣọ́ra o! “Ẹ má ṣí i, afẹ́fẹ́ á wọ̀ ọ́” ni wọ́n fi lù mí ní jìbìtì l'Óṣogbo

Ẹ̀yin ará Òṣogbo tẹ́ ẹ ní mọ́tò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó lọ ra tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ tó ń dí àárín ẹ́ńjìnnì àti orí rẹ̀ (tọ́ọ̀pù síléńdà) kí omi má bàa wọnú ọ́ìlì. Ọjọ́ mẹ́sàn-án rèé tí mo ti ń gun ọ̀kadà lọ síbi iṣẹ́. Inú ń bí mi débi pé oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́. Ojú sì ń tì mí. Olùkọ́ físíìsì ni mí. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, ẹ máa tó rí ìdí tí mo fi sọ ọ́.

Camry 2005 ni mo ń gùn, èyí tí wọ́n ń pè ní Big Daddy, ẹ́ńjìnnì 2.4. Lóṣù tó kọjá ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Omi rédíétọ̀ ń gbẹ, mi ò sì rí ibi tó ń jò sí. Láàárọ̀, bí mo bá ti sítáàtì ẹ́ báyìí, èéfín funfun á bo ọgbà aládùúgbò wa. Mo fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì jáde, ọ́ìlì ti dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Mẹkáníìkì mi, tó wà lọ́nà Ìlobùú, wò ó lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ti jóná, omi ti ń wọnú ọ́ìlì. Ó ní kí n mú ₦45,000 wá kí òun lọ ra ojúlówó.

Ibi tí mo ti ṣi ẹsẹ̀ gbé nìyẹn. Lọ́dún tó kọjá, ọkùnrin yìí kan náà ra páàdì bíréèkì fún mi, mo sì padà rí i pé ó fi ₦6,000 lé e. Mo ní lọ́tẹ̀ yìí, èmi fúnra mi ni màá lọ rà á. Ó ní, “Alàgbà, ẹ jẹ́ ká jọ lọ, ẹ ò mọ̀ ọ́n.” Mo ní mo mọ̀ ọ́n.

Mi ò mọ̀ ọ́n.

Mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù náà, mi ò ní owó lọ́yà. Àmọ́ bó o bá ń ka èyí, ìwọ ọlọ́jà tó dé fìlà aláwọ̀ ewé, o mọ̀ pé ìwọ ni. Ọmọ tí ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, “Dádì” ló ń pè mí. Ó gbé àga fún mi, ó ra omi inú ọ̀rá fún mi. Mi ò tíì sọ irú mọ́tò tán tí ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí pẹpẹ. Kò béèrè ọdún tí wọ́n ṣe é, kò béèrè nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì, kò béèrè nǹkan kan! Páálí pupa òun funfun, àmì Toyota gàdàgbà lára rẹ̀, ọ̀rá tín-ín-rín tí wọ́n fi wé e ń dán. Ó ní ₦38,000. Ẹ ẹ̀ rí i pé inú mi dùn: mo rò pé mo ti dá ₦7,000 sí nínú iye tí mẹkáníìkì mi ní kí n mú wá.

Mo fẹ́ ya ọ̀rá náà. Ó di ọwọ́ mi mú. “Dádì, ẹ má ṣí i o. Bí afẹ́fẹ́ bá wọ̀ ọ́ kó tó dórí ẹ́ńjìnnì, kò ní lẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì ṣí i lórí iṣẹ́.”

Èmi! Olùkọ́ físíìsì! Ọdún méjìlélógún tí mo ti ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ àti ìgbóná sójú pátákó! Afẹ́fẹ́ wo ló ń wọ irin? Ọjọ́ wo ló ti kúrò láàárín afẹ́fẹ́ tẹ́lẹ̀? Mo mi orí, mo ní, “Ẹ ṣé gan-an ni.” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀! Nígbà tí mo délé, mo rí i pé àwọ̀ pupa ara páálí náà ti kun àtàǹpàkò mi. Àwọ̀ tó ń ṣí láti ara páálí iléeṣẹ́ ńlá! Mo fi ọṣẹ fọ ọwọ́ mi, mo jókòó ti àmàlà mi.

Wọ́n dè é. Ọjọ́ mọ́kànlá ló lò.

Ní ọjọ́ kejìlá, mò ń gbé ìyá ìyàwó mi lọ sí Ìbàdàn, wọ́n fẹ́ lọ wo ojú wọn. A ti kọjá Gbọ̀ngán, a kù díẹ̀ ká dé Ìkirè, ni mo rí i tí ọwọ́ géèjì ìgbóná gbéra. Mo pa ẹ̀rọ amúlétutù. Kò sọ̀kalẹ̀. Èéfín bẹ́ jáde lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, àwọn tó ń kọjá ń na ọwọ́ sí wa. Màmá di báàgì wọn mú sáyà, wọ́n wò mí sùn-ùn, wọ́n ní, “Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ̀wà lẹ ń sè sínú ẹ̀ ni?” Mi ò lè dáhùn. Obìnrin kan tó ń ta dòdò Ìkirè ló gbé bẹ́ǹṣì fún wọn jókòó. ₦40,000 ni mo fi wọ́ mọ́tò padà sí Òṣogbo, Màmá sì bá mi jókòó síwájú ọkọ̀ tó ń wọ́ wa láìsọ ọ̀rọ̀ kan títí a fi dé Ọláìyá. Ó sàn kí wọ́n bú mi.

Nígbà tí mẹkáníìkì tú u, ó pè mí wá wò ó. Láàárín síléńdà kejì àti ìkẹta, iná ti jẹ òrùka irin rẹ̀ tán, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́, ó ya. Bébà ni! Páálí ni wọ́n kì sáàárín, wọ́n wá fi irin tín-ín-rín bíi bébà tí wọ́n fi ń wé ẹran sísun bò ó lójú méjèèjì. Ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé gásíkẹ́ẹ̀tì oní-páálí wà. Mo mọ̀, àwọn ẹ́ńjìnnì àtijọ́ ń lò ó. Irin aláwẹ́ púpọ̀ ni ti ẹ́ńjìnnì tèmi. Mẹkáníìkì fi ojúlówó kan tó tú lára mọ́tò míì hàn mí, ọ̀run òun ayé ni.

Mo gbé e padà lọ bá ọlọ́jà náà. Ó ń jẹ ìrẹsì. Kò dìde. Ó fi ṣíbí na ohun tí wọ́n kọ sára ògiri: ọjà tá a bá tà kì í padà. Ó ní mẹkáníìkì mi ni kò mọ̀ ọ́n dè. Mo padà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ó ní ọjà tí mo rà ni. Wọ́n wá ń gbá mi síwá sẹ́yìn bíi bọ́ọ̀lù.

Kí n sọ òótọ́: mẹkáníìkì náà jẹ̀bi díẹ̀. Àwọn bọ́ọ̀tù àtijọ́ ló dá padà, páìpù gígùn ló sì ki bọ ẹ̀yìn sípánà tó fi ń dè wọ́n. Ojú mi ló ṣe é. Nígbà tó tú u lẹ́ẹ̀kejì, bọ́ọ̀tù ẹ̀yìn kan fa okùn inú ihò rẹ̀, ìyẹn ìlà tó ń di bọ́ọ̀tù mú, jáde, ó lọ́ mọ́ ọn lára bí wáyà bírò tó ń ta. Ẹ́ńjìnnì 2.4 tèmi yìí, tí wọ́n ń pè ní 2AZ, tó wà nínú Camry 2002 sí 2006 ní àìsàn yìí, àwọn ihò bọ́ọ̀tù ẹ̀yìn kì í lágbára. Èmi náà jẹ̀bi: fáànù rédíétọ̀ kan ti kọ̀ kò yí mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo ń sọ pé tó bá di ìparí oṣù. Ó dáa. Ṣé torí ìyẹn ló ṣe yẹ kó ta bébà fún mi ní ₦38,000?

Ẹ gbọ́, kíá ni màá sọ èyí. Ẹ ṣí páálí níwájú ẹni tó ń tà á. Bó bá ní kẹ́ ẹ má ṣí i, ẹ dìde. Ẹ mú ti àtijọ́ dání, ẹ gbé e lé tuntun, kí ihò bá ihò mu. Ẹ wo etí rẹ̀, kẹ́ ẹ rí awẹ́ irin bí ojú ìwé tó pa pọ̀. Nọ́ńbà ṣáṣí yín, ẹyọ 17, òun ni kí wọ́n fi wá nọ́ńbà páàtì. Kẹ́ ẹ ra bọ́ọ̀tù tuntun mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, torí àtijọ́ ti nà. Kí wọ́n fi rúlà irin wo ojú tọ́ọ̀pù síléńdà, bó bá fi ju 0.05 mm lọ tẹ̀, kò gbọdọ̀ padà sórí láìjẹ́ pé wọ́n fá a. Torque wrench, sípánà tó ń wọn agbára tí wọ́n fi ń de bọ́ọ̀tù, ni kí wọ́n fi dè é, láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́, díẹ̀díẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má kun gọ́ọ̀mù sí gásíkẹ́ẹ̀tì onírin. Kẹ́ ẹ sì wá ohun tó mú un gbóná kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀.

Mo ti dé ọ̀dọ̀ ọlọ́jà mẹ́ta míì látìgbà yẹn. Gbogbo wọn ló kọ́kọ́ búra kí wọ́n tó dá owó lé e. Ọ̀kan gbé páálí mẹ́rin sílẹ̀, nọ́ńbà kan náà, àwọ̀ mẹ́rin! Olè ni gbogbo wọn. Mi ò gba ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́, títí kan obìnrin tó ń ta tòmátì fún wa ní Ìgbọ̀nà, ẹni tí kò ṣẹ̀ mí rárá.

Lánàá, ọ̀kadà gbé mi kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù ọmọkùnrin yẹn. Ó rí mi. Ó ju ọwọ́ sí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Dádì, mọ́tò ńkọ́?”