Heroku, Render tàbí Dokku: èwo ló yẹ kẹ́ ẹ sanwó fún?

Heroku, Render àti Dokku máa ń bá yín gbé áàpù sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá fẹ́ fi Git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú kóòdù, ṣe é, àṣẹ kan náà lẹ máa tẹ̀ lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: git push. Ibi tí dátà yín máa wà, àti ẹni tó máa ṣọ́ sáfà (kọ̀ǹpútà tí áàpù ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀) lóru, ni kẹ́ ẹ fi yan èyí tẹ́ ẹ máa rà.

Heroku ló la ọ̀nà yìí fáwọn yòókù. Ọdún 2007 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ wọn lẹ máa ti kóòdù sí tààrà. Ọ̀fẹ́ tán níbẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2022. Ètò Eco wọn, dọ́là 5 lóṣù, máa ń sùn, ìyẹn ni pé áàpù á dáwọ́ dúró, bí ẹnikẹ́ni ò bá wá fún ìṣẹ́jú 30. Basic, dọ́là 7, kì í sùn. Postgres (ibi tí dátà áàpù ń wà) tó kéré jù tún ń gba dọ́là 5, nítorí náà bí ẹ bá mú Basic, ẹ ka owó yín sí dọ́là 12 lóṣù.

Render ní tiẹ̀ ń ṣọ́ GitHub tàbí GitLab yín, ìyẹn ibi tẹ́ ẹ kó kóòdù pa mọ́ sí. Kóòdù tuntun dé, ó gbé e. Ó ṣì ní ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú 15 láìsí àlejò, ó ti sùn nìyẹn, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé á sì dúró bí ìṣẹ́jú kan. Oníbàárà wo ló ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀? Èyí tó ń ká mi lára jù ni Postgres ọ̀fẹ́ wọn: lẹ́yìn ọjọ́ 30, ó parí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi àkọsílẹ̀ oníbàárà kankan síbẹ̀. Bí àwọn èèyàn yín bá wà ní Èkó, sáfà wọn tó wà ní Frankfurt, ní Jámánì, ni kẹ́ ẹ mú níbẹ̀rẹ̀, torí kò ṣeé yí padà.

Fọ́tò táwọn èèyàn bá gbé sórí áàpù máa ń pa rẹ́ lórí Heroku àti Render tí áàpù bá tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá ibòmíràn fún wọn, bíi S3, ibi ìpamọ́ fáìlì ti Amazon. Render tẹ́ ẹ̀ ń sanwó fún lè fún yín ní dísìkì tí kì í pa rẹ́, àmọ́ owó ọ̀tọ̀ ni.

Dokku, tẹ́ ẹ máa fi sórí sáfà fúnra yín, kò gba kọ́bọ̀. Sáfà lẹ máa háyà: ti ilé iṣẹ́ DigitalOcean tó ní mẹ́mọ́rì 1GB, dọ́là 6 lóṣù, lè gba áàpù kéékèèké bíi mélòó kan pẹ̀lú Postgres wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa ṣe àtúnṣe Linux, ètò tó ń darí sáfà náà, ẹ̀yin lẹ máa kó ẹ̀dà dátà pa mọ́. Bí kò bá sí ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí lọ́dọ̀ yín, táwọn èèyàn sì ń sanwó lórí áàpù náà, Render tẹ́ ẹ máa sanwó fún ni kẹ́ ẹ mú.