Àdápítọ̀ BNC: pọ́ọ́kú tàbí ojúlówó?

Oríṣi àdápítọ̀ BNC méjì, ìyẹn orí onírin kékeré tí a fi ń so wáyà rédíò mọ́ ẹ̀rọ, ló wà lórí tábìlì tí mo ti ń tún rédíò ṣe ní Àjàṣẹ́. Ti owó pọ́ọ́kú ń dán gbinrin, ṣùgbọ́n ẹ wo ihò àárín rẹ̀: irin tó yẹ kó di abẹ́rẹ́ mú ti là gbẹ̀rẹ̀. Bí mo bá fọwọ́ kan wáyà báyìí, ìlà ojú oscilloscope, ẹ̀rọ tó ń ya bí iná ṣe ń lọ sókè sódò, á máa gbọ̀n. Odindi ọjọ́ méjì ni mo fi wá àléébù nínú rédíò oníbàárà tí kò bàjẹ́ níbẹ̀!

Ti ojúlówó, bàbà tí wọ́n lú pọ̀ mọ́ beryllium ni àárín rẹ̀. Ó dẹ̀, ó tún ń fún padà. Teflon funfun inú rẹ̀, oríṣi ike kan, kì í yọ́ bí áyọ́ọ̀nù tí a fi ń jó wáyà pọ̀ bá kàn án. Ti 50 ohm (ìwọ̀n ìdènà iná inú wáyà rédíò) ń ṣiṣẹ́ dé 4 GHz, ìyẹn ìgbì tó ń gbọ̀n nígbà bílíọ̀nù mẹ́rin ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Fún wíwọn iná bátìrì, pọ́ọ́kú tó. Fún rédíò, ojúlówó ni, bó jẹ́ ẹyọ kan péré.