Thonny àti lúùpù tí kò fẹ́ dúró

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá bá mi ní alẹ́ ọjọ́ kan pé, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó, kò dúró mọ́." Nọ́ńbà 1 ló tò lọ sílẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà náà láìlópin, fáànù inú rẹ̀ sì ti ń pariwo. Mo ní kí ó tẹ Ctrl àti C pọ̀, ariwo náà sì rọlẹ̀. Kóòdù tó fi Python, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, kọ kò ju ìlà mẹ́rin lọ; while inú rẹ̀ ni lúùpù, ìyẹn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tún ṣe léraléra:

i = 1
while i <= 5:
    print(i)
i = i + 1

Dípò kí n fi ọwọ́ tọ́ka sí àṣìṣe náà fún un, mo ní kí ó ṣí i nínú Thonny, ètò orí kọ̀ǹpútà fún kíkọ kóòdù, èyí tí a ti fi ń kọ́ Python láti bí oṣù méjì sẹ́yìn. Ọ̀fẹ́ ni Thonny. Yunifásítì Tartu ní orílẹ̀-èdè Estóníà ni wọ́n ti ṣẹ̀dá rẹ̀, Aivar Annamaa ló sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Python ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí náà, bí ẹ bá ti gbé e sórí kọ̀ǹpútà yín tán, kò ní máa béèrè dátà lọ́wọ́ yín kó tó ṣiṣẹ́.

Ohun tó mú kí n fẹ́ràn rẹ̀ ni bí ó ṣe máa ń fi ìrìn kóòdù hàn. Bí ẹ bá tẹ Ctrl àti F5, yóò dúró sí ìlà àkọ́kọ́, ẹ ó sì máa fi F7 tì í síwájú díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ó dé ìlà while, àpótí kékeré kan yọ sórí i <= 5; i yí padà di 1 lójú wa, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ di True, ìyẹn òótọ́. Ó tẹ nọ́ńbà jáde, ó padà sókè, i tún di 1. Nígbà tí ọmọ náà rí 1 ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó dáwọ́ dúró, ó ní: "Àǹtí, kò dé ìlà tó gbẹ̀yìn rárá." Lóòótọ́ ni, nítorí pé ìlà náà kò wọnú bíi ti print, ìta lúùpù ló wà. N kò sọ ohunkóhun fún un.

Mo tún fún un ní èyí tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ: kí x bẹ̀rẹ̀ láti 0.0, kí a máa fi 0.1 kún un níwọ̀n ìgbà tí x != 1.0, ìyẹn ni pé x kò tíì jẹ́ 1.0. Ẹni tó bá fi ojú lásán kà á yóò búra pé yóò dúró ní ìgbà kẹwàá. Ṣùgbọ́n nínú tábìlì Variables tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ohun tí a rí ní ìgbà kẹwàá ni 0.9999999999999999, lẹ́yìn náà 1.0999999999999999, ó fo 1.0 kọjá, kò sì ní padà wá sí i mọ́. Kọ̀ǹpútà kò lè tọ́jú 0.1 ní pàtó, nítorí pé odo àti ookan nìkan ló fi ń kọ iye.

Thonny ní kùdìẹ̀-kudiẹ tirẹ̀. Apá tí wọ́n pè ní Assistant, tó máa ń ṣàlàyé àṣìṣe, kò sọ nǹkan kan nípa kóòdù méjèèjì yìí, nítorí pé lójú Python, lúùpù tí kò dúró kì í ṣe àṣìṣe. Bí lúùpù bá gbọ́dọ̀ yí ní ìgbà ẹgbẹ̀rún kó tó bàjẹ́, ọwọ́ á ro ẹni tó ń tẹ F7. Ẹ dín nọ́ńbà náà kù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Python Tutor, ìkànnì kan tí òun náà ń fi ìrìn kóòdù hàn, ní tirẹ̀ máa ń dá kóòdù dúró fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìgbésẹ̀ 1000, ṣùgbọ́n orí íntánẹ́ẹ̀tì ni èyí wà, àìsí dátà kì í sì í jẹ́ ká débẹ̀ nígbà gbogbo. Nígbà tí Ctrl àti C bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́, ẹ tẹ Ctrl àti F2: yóò pa Python, yóò sì tún un bẹ̀rẹ̀, àmọ́ gbogbo iye tó wà nínú rẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Nínú márùn-ún, mo fún Thonny ní mẹ́rin. Assistant ló jẹ ẹyọ kan tó kù.