Sticky Keys àbí Filter Keys: èwo ló bá ọwọ́ yín mu?

Àìsàn rọpárọsẹ̀ mú ọwọ́ òsì ìyá kan ládùúgbò wa ní Kubwa, l'Ábújá. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni màmá fi ń tẹ kọ̀ǹpútà. Lẹ́tà ńlá ló ń tán wọn ní sùúrù, torí ìka kan gbọ́dọ̀ di bọ́tìnì Shift mú kí òmíràn tó tẹ lẹ́tà.

Sticky Keys, ètò kan nínú kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ kéèyàn tẹ bọ́tìnì lọ́kọ̀ọ̀kan dípò kó tẹ̀ wọ́n pọ̀, la tan fún wọn. Lórí Windows, ẹ tẹ Shift lẹ́ẹ̀marùn-ún léraléra. Kọ̀ǹpútà á béèrè bóyá ẹ fẹ́ ẹ, kí ẹ gbà. Bí màmá bá ti tẹ Shift báyìí, wọ́n á gbọ́wọ́ kúrò, wọ́n á sinmi díẹ̀, wọ́n á wá tẹ "k", "K" ló máa jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ctrl àti Alt. Inú mi dùn gan-an lọ́jọ́ yẹn.

Filter Keys ní tirẹ̀ wà fún ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tí "a" kan ń di "aaaa". Kì í ka bọ́tìnì tí ìka kàn ṣèèṣì fara kàn. Ẹ di Shift apá ọ̀tún mú fún ìṣẹ́jú àáyá 8, kọ̀ǹpútà á béèrè bóyá ẹ fẹ́ ẹ, kí ẹ gbà. Àmọ́ ó máa ń fa ọwọ́ ẹni sẹ́yìn: ẹni tó ń yára tẹ̀wé á rò pé kọ̀ǹpútà ti bàjẹ́. Lórí kọ̀ǹpútà àjùmọ̀lò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á kẹ́ ẹ tó dìde.

Ọwọ́ kan ṣoṣo? Sticky Keys ni mo fara mọ́. Bọ́wọ́ bá ń gbọ̀n, Filter Keys ni. Ẹni tó ní ìṣòro méjèèjì lè tan méjèèjì pọ̀.