Tapólì, Aṣọ Ọkọ̀ tàbí Ìbòjì Páànù: Èwo Ni Kí Ẹ Rà fún Ọkọ̀ Àtijọ́ ní Àgbádárìgì?

Yìnyín ni àwọn ará Yúróòpù ń sá fún tí wọ́n fi ń ti ọkọ̀ àtijọ́ mọ́lé. Òjò ni tiwa ní Àgbádárìgì, láti oṣù kẹrin wọ oṣù keje, kó tó tún padà dé ní oṣù kẹsàn-án, pẹ̀lú atẹ́gùn òkun tó ń gbé iyọ̀ wá. Ìjàpá (ọkọ̀ Beetle) tí Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Ọ̀jọ́ ní 1975, lójú ọ̀nà wa yìí kan náà, ti dàgbà. Ẹni tó bá ṣì ní in, ó yẹ kó tọ́jú rẹ̀.

Tapólì ni owó rẹ̀ kéré jù, òun náà ló sì ń ba ọkọ̀ jẹ́ jù. Lóòótọ́, òjò kì í gba inú rẹ̀ kọjá, àmọ́ ọ̀rinrin tó ń ti ilẹ̀ bọ̀ kò ríbi jáde. Á di omi lábẹ́ rẹ̀ lóru, á kán sára ọkọ̀, ọ̀dà á wú bíi rorẹ́, irin abẹ́ rẹ̀ á sì dógùn-ún. Bí atẹ́gùn bá tún ń gbọ̀n ọ́n, iyanrìn tó há sábẹ́ rẹ̀ á máa họ ọ̀dà. Ẹ má fi bo ọkọ̀ tó máa pẹ́ nílẹ̀.

Aṣọ ọkọ̀ tó ń jẹ́ kí ọ̀rinrin jáde dára jù ú lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n ayédèrú pọ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi etí aṣọ náà bo ife omi gbígbóná, kí ẹ da ife gíláàsì tó gbẹ dé e. Bí gíláàsì náà bá làágùn, ọ̀rinrin ń gba inú aṣọ náà kọjá nìyẹn. Inú aṣọ náà gbọ́dọ̀ rọ̀, kó sì ní okùn tó ń gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá. Ẹ fọ iyọ̀ kúrò lára ọkọ̀, kó gbẹ dáadáa, kí ẹ tó bò ó.

Ìbòjì páànù ló ń gbówó jù, òun ni èmi yóò sì kọ́kọ́ ṣe bí ilẹ̀ bá jẹ́ tèmi. Kì í jẹ́ kí òjò àti oòrùn kan ọkọ̀, atẹ́gùn sì ń fẹ́ gba abẹ́ rẹ̀. Ẹ ra páànù alumíníọ̀mù. Kì í tètè bàjẹ́ bíi síǹkì létí òkun. Ẹ rọ kọnkéré sílẹ̀, nítorí iyanrìn tútù kì í jẹ́ kí abẹ́ ọkọ̀ gbẹ. Ayálégbé tí onílé kò gbà fún, kó ra aṣọ. Gáréèjì tí kò ní fèrèsé? Mi ò ní háyà rẹ̀.

Ti bátìrì, ṣájà tó ń wà lórí rẹ̀ títí dára níbi tí iná kì í lọ. Ní tiwa, ẹ tú wáyà nẹ́gátíìfù. Bátìrì tó kún a máa tó fóòtì (volt) 12.6; bó bá ti wálẹ̀ sí 12.4, ẹ gbé e lọ ṣájì. Ẹ má sì fa hánbíréèkì, kí búréèkì ẹ̀yìn má baà lẹ̀ mọ́ dúrọ́ọ̀mù. Pákó ni kí ẹ fi há táyà níwájú àti lẹ́yìn.